Ta ni yóò gbọ́ ẹjọ́ tiransifọ́mà tí a fi owó ara wa rà?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín kí n sọ tẹnu mi lórí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, pàápàá lórí tiransifọ́mà tí àdúgbò wa fi owó ara rẹ̀ rà. Láti ìgbà tí ìròyìn ti jáde pé àjọ NERC tó wà l'Ábùjá, tó jẹ́ alábòójútó iná fún gbogbo Nàìjíríà, ń gbé àbójútó iná lé àwọn ìpínlẹ̀ lọ́wọ́, tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tiwa sì wà lára wọn, ni àwọn ènìyàn ti ń yọ̀ pé ìyà ti tán. Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa níbí n'Íbàdàn, ẹnì kan dìde, ó ní kí a pàtẹ́wọ́ fún gómìnà, pé owó iná máa wálẹ̀ báyìí, pé iná ò sì ní máa ṣe ségesège mọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò bá wọn pa tèmi.

Kì í ṣe pé mo kórìíra ìjọba. Iṣẹ́ iná ni mo fi ìgbà ọ̀dọ́ mi ṣe. Mo gun òpó fún NEPA, mo tún gùn ún fún PHCN nígbà tí wọ́n pa orúkọ dà, títí di ọdún 2013 tí wọ́n ta ilé-iṣẹ́ náà fún àwọn aládàáni, tí wọ́n sì ní kí àwa máa lọ sílé. Mo mọ bí iná ṣe ń rìn, mo sì mọ bí ìwé ẹ̀sùn ṣe ń rìn, àti ibi tó máa ń sùn sí. Bí mo ṣe ka òfin iná tuntun ti 2023 tó gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ yé mi, kò fún ìpínlẹ̀ ní iná kankan. Pàṣán ló fún wọn: agbára láti fún ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná ní ìwé àṣẹ, láti fọwọ́ sí iye tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ wa, láti pè wọ́n kí wọ́n wá ṣàlàyé, àti láti bu owó ìtanràn lé wọn bí wọ́n bá ṣẹ̀. Bí wọ́n bá gbé pàṣán náà kọ́ ara ògiri, ojú kan náà la ṣì wà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ múlẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 gba ìpínlẹ̀ láàyè láti pèsè iná, ṣùgbọ́n ní ibi tí gíríìdì kò dé nìkan. Gíríìdì yìí ni okùn ńlá tó so gbogbo ilé-iṣẹ́ apèsè iná Nàìjíríà pọ̀. Níbo ni kò dé ní ilẹ̀ Yorùbá? Àṣẹ tí wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún fúnni ni wọ́n fi ọwọ́ òsì gbà padà. Ní 1999 yẹn kan náà, Bọ́lá Tinúbú tó jẹ́ gómìnà Èkó bá ilé-iṣẹ́ Enron ti Amẹ́ríkà ṣàdéhùn pé kí wọ́n gbé ẹ̀rọ apèsè iná tó wà lórí omi wá sí Èkó. Ariwo tó bẹ́ sílẹ̀ láàrin Èkó àti Àbújá lórí rẹ̀, àwa tí a wà nínú NEPA nígbà náà kò lè gbàgbé. Nígbà tó yá, Èkó kọ́ àwọn ilé iná kéékèèké tirẹ̀, bí èyí tó wà ní Akute fún ilé-iṣẹ́ omi àti ti Alausa fún ọ́fíìsì ìjọba, ìyẹn ni wọ́n fi ń gba ara wọn là.

Ní oṣù Kẹta 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe ìwé òfin tó mú ìdènà yẹn kúrò. Nínú oṣù Kẹfà ọdún kan náà, Tinúbú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di Ààrẹ fọwọ́ sí Electricity Act 2023, èyí tó pa òfin iná ti 2005 rẹ́. Ẹni tí Àbújá bá fa wàhálà nítorí iná ló padà wá buwọ́ lù ú pé kí àwọn gómìnà máa ṣe é. Ayé ń yí.

Láti ìgbà náà, ìpínlẹ̀ tó bá ti ṣòfin iná tirẹ̀, tó sì ti dá àjọ alábòójútó sílẹ̀, á kọ̀wé sí NERC. NERC á pàṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ náà nìkan láàrin 60 ọjọ́, kí gbogbo àbójútó sì kọjá láàrin oṣù mẹ́fà. Enugu ló ṣíwájú. Èkìtì àti Oǹdó tẹ̀ lé e ní 2024, lẹ́yìn náà ni Ọ̀yọ́, Èkó, Ògùn àti àwọn mìíràn.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ìpínlẹ̀ kò ní. Àwọn wáyà ńláńlá tó gba orí igbó kọjá láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, tí agbára iná inú wọn jẹ́ 330,000 fóòtì (volt), ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ló ṣì wà. Ibi tí wọ́n ti ń darí gbogbo rẹ̀ wà ní Òṣogbo, tí kò jìnnà sí wa níbí rárá. Àwọn tó jókòó síbẹ̀ tọ̀sán-tòru ló ń wo iye iná tó ń wọlé láti Kainji, Jebba, Ṣiroro, Ẹ̀gbìn àti ibòmíràn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ rí i pé iye tó ń wọlé àti iye tí à ń lò bára mu ní gbogbo ìgbà, kí ìyípo iná má ṣe kúrò ní 50 hertz, ìyẹn ìgbà 50 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ilé iná ńlá kan bá ṣàdédé kú, tí ìyípo sì já wálẹ̀, àwọn ẹ̀rọ tó kù á bẹ̀rẹ̀ sí í já ara wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà bàjẹ́. Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, òkùnkùn ti bo láti Sókótó dé Èkó. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ léraléra ní 2024 nìyẹn, pàápàá nínú oṣù Kẹwàá. Nígbà tí wọ́n sì ń yọ̀ ní oṣù Kẹta 2025 pé iná pọ̀ lórí gíríìdì dé ibi tí kò dé rí, nǹkan bí 5,800 mẹ́gáwáàtì ni, fún orílẹ̀-èdè tí ènìyàn inú rẹ̀ lé ní 200 mílíọ̀nù.

Ìjọba àpapọ̀ ti ya àwọn tó ń darí gíríìdì sọ́tọ̀ kúrò lára TCN tó ni wáyà. NISO ni wọ́n ń pè wọ́n báyìí. Mo fara mọ́ ọn, nítorí ẹni tó ni wáyà tó já kò yẹ kó tún jẹ́ ẹni tí yóò sọ fún wa ohun tó já a. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí àjọ ìpínlẹ̀ lè pàṣẹ fún nínú wọn. Bí gíríìdì bá dákú lálẹ́ òní, kí ẹnikẹ́ni má bínú sí àjọ ìpínlẹ̀.

Owó náà ńkọ́? Ẹ wo Enugu. Ní 2025, àjọ wọn ṣírò o, wọ́n ní kí àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná fún jù lọ, máa san nǹkan bí 160 náírà lórí yúníìtì kan, dípò 209 tí wọ́n ń san tẹ́lẹ̀. Kíá ni àwọn tó ń pèsè iná fárígá: ta ni yóò san ìyókù? Iná tí Enugu ń pín, orí gíríìdì ló ti ń rà á bíi ti gbogbo wa, owó gáàsì sì wà nínú rẹ̀. Èmi kò sọ pé Enugu ṣe ohun tí kò dáa. Ó kéré tán, wọ́n jókòó, wọ́n sì ṣírò, èyí tí ọ̀pọ̀ kò tíì ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń pàtẹ́wọ́ pé owó máa wálẹ̀ lọ́la, kó rọra o.

Àsọtì kan rèé. Àwa ará ibí ti fẹ́ràn láti máa gbẹ́kẹ̀ lé ọmọ ẹni tó wà nípò. Ní 1999, Bọ́lá Ìgè tó ti ṣe gómìnà wa rí ni mínísítà iná. Ní 2023, Adébáyọ̀ Adélabú, ọmọ Ìbàdàn gan-an, tún dé orí àga náà. A yọ̀ nígbà méjèèjì. Kí ọmọ ẹni wà nípò kì í mú kí fíúsì pẹ́ kó tó jó.

Ibi tí àjọ ìpínlẹ̀ lágbára ni ibi tó súnmọ́ wa jù: òpó tó wà lẹ́nu ọ̀nà, mítà, bíìlì, àti tiransifọ́mà. Orí tiransifọ́mà ni mo fẹ́ dúró lé, torí òun ló mú mi kọ ìwé yìí.

Tiransifọ́mà 300 kVA ni à ń lò ní àdúgbò wa tẹ́lẹ̀; kVA yìí ni ìwọ̀n iná tí tiransifọ́mà lè gbé. Nígbà tí wọ́n gbé e kalẹ̀, ilé tó wà lórí rẹ̀ kò tó nǹkan, oko ló pọ̀ ju ilé lọ níbẹ̀. Ilé ń pọ̀ sí i. Ẹni tó bá ti parí ilé tirẹ̀, wọ́n á gun òpó, wọ́n á fa wáyà fún un, owó á kúrò lọ́wọ́ kan bọ́ sí òmíràn, kò sí ẹni tó ń ṣírò bóyá tiransifọ́mà á lè gbé e. Bí alẹ́ bá ti lẹ́, gílóòbù á máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, fíríìjì á máa kùn, kò ní tutù. Nínú àpótí irin tó wà lẹ́bàá tiransifọ́mà, tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní fídà pílà, fíúsì J&P ló wà níbẹ̀ fún fáìsì kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ fíúsì ni pé kó jó nígbà tí ẹrù bá pọ̀ jù, kí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè là. Ṣùgbọ́n bó bá jó, tí a bá lọ sọ́fíìsì, wọ́n á ní fíúsì kò sí. Àwọn ọmọ àdúgbò á dáwó, oníṣẹ́ kan á yọjú lálẹ́, á gé wáyà kọ́pà tó nípọn, á wé e mọ́ ibi tí fíúsì yẹ kó wà. Iná á dé, àwọn ọmọdé á hó yèè. Láti ìgbà yẹn lọ, kò sí ohun tó lè jó mọ́ níbẹ̀ àfi tiransifọ́mà fúnra rẹ̀.

Ó sì jó. Inú ilé ni mo wà tí mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀, ohùn tí ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ iná rí kì í ṣì mọ̀. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìgò amọ̀ tó gbé wáyà lórí rẹ̀ ti là, òróró gbígbóná ń ṣàn sára òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀, òórùn rẹ̀ gba gbogbo òpópónà. Mo ní kí wọ́n lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn.

A kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná fún wa. Wọ́n wá, wọ́n wò ó, wọ́n ní ó ti kú. Wọ́n ní orúkọ àdúgbò wa ti wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣáájú wa pọ̀, ọdún yìí kò dájú. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú wọn fà mí sẹ́yìn, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà ṣáà ti ṣe iṣẹ́ yìí rí. Ẹ ní kí àwọn onílé yín dáwó." Mo mọ ohun tó ń sọ. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà, ó kàn ń sọ bó ṣe máa ń rí ni.

A dáwó. Onílé ní iye tirẹ̀, ayálégbé náà ní iye tirẹ̀. Ìyá kan wà ní ìgun òpópónà wa tó ń ta yìnyín àti omi tútù. Òun gan-an ni òkùnkùn yẹn pa lára jù, torí kò ní jẹnẹrétọ̀. Ó san tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀, owó ọjọ́ tí kò pa wọlé ló fi ń san án. Èmi ni mò ń kọ rìsíìtì fún gbogbo wọn, ẹ̀dà rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Owó náà wọ mílíọ̀nù lọ́nà mẹ́wàá, ó tún lé. A ra 500 kVA tuntun, kì í ṣe èyí tí wọ́n tún kùn lọ́dà.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé e gorí ìdúró rẹ̀ ni wọ́n mú ìwé kan jáde. Wọ́n ní kí alága, akápò àti akọ̀wé fọwọ́ sí i pé àdúgbò ti fi tiransifọ́mà náà ta ilé-iṣẹ́ lọ́rẹ, pé a kò ní béèrè owó rẹ̀ láé. Bí a kò bá fọwọ́ sí i, wọn kò ní so ó mọ́ wáyà. Mo sọ fún wọn pé òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Láti 2015 ni NERC ti ṣe ìlànà lórí irú nǹkan báyìí: ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná ló yẹ kó ra tiransifọ́mà, òpó àti wáyà, òun náà ló yẹ kó tún un ṣe. Bí ará àdúgbò bá máa fi owó ara wọn ra á, kí wọ́n kọ́kọ́ jọ tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn, kí ilé-iṣẹ́ sì máa dá owó náà padà díẹ̀díẹ̀, bóyá nípa fífi iná san án. Ọ̀gá tó mú ìwé wá tẹ́tí sí mi dáadáa. Ó ní òótọ́ ni bàbá ń sọ, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n fún òun láti ọ́fíìsì nìyí. Alága wa wo tiransifọ́mà tó wà lórí ọkọ̀ àgbérù, ó wo àwọn ènìyàn tó yí wa ká, ó fọwọ́ sí i. N kò lè dá a lẹ́bi. Èmi kọ̀, mo kọ ìdí tí mo fi kọ̀ sínú ìwé ìpàdé, wọ́n sì fi orúkọ ẹlòmíràn dí ti akọ̀wé.

Ẹ gbọ́ èyí tó dùn mí jù nínú rẹ̀. Nínú ìṣírò owó iná tí à ń san lórí yúníìtì, èrè wà níbẹ̀ fún dúkìá tí ilé-iṣẹ́ náà ti fi owó rẹ̀ ra fún iṣẹ́. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ẹni tó náwó gbọ́dọ̀ rí owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí tiransifọ́mà tí ìyá oníyìnyín dáwó sí bá wọ inú ìwé dúkìá wọn bí ẹni pé àwọn ló rà á, ìyá náà á ra á lẹ́ẹ̀kan, á sì tún máa san èrè lé e lórí nígbàkígbà tó bá ti ra tókìnnì. Bí àjọ alábòójútó kò bá ṣọ́ra, ta ni yóò mọ̀?

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo lásìkò yìí. Ilé-iṣẹ́ tuntun tí wọ́n ń dá sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan yìí, wọ́n gbọ́dọ̀ ka dúkìá àti gbèsè tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ náà sọ́tọ̀: òpó, wáyà, tiransifọ́mà, gbogbo rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ń kà á ni ìgbà tó yẹ kí a sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ti kà á tán, tí wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé ìpínlẹ̀, ó di kí a máa bá ìwé jà. Mo fẹ́ kí àjọ alábòójútó tiwa kéde lórí rédíò, ní èdè tí gbogbo wa gbọ́, pé àdúgbò tó bá ti ra tiransifọ́mà, òpó tàbí wáyà, kó mú rìsíìtì àti àwòrán rẹ̀ wá sí ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sọ́tọ̀. Èyí tí wọn kò lè dá owó rẹ̀ padà, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jèrè lórí rẹ̀. Kí wọ́n sì fagi lé ìwé "a fi ta yín lọ́rẹ" yẹn káàkiri ìpínlẹ̀. Mo mọ̀ pé àdúgbò tiwa nìkan kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ bèèrè ní Ọ̀yọ́, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ṣakí, ẹ ó gbọ́.

Ọ̀rọ̀ mítà, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀, ẹnu gbogbo ènìyàn ti wà níbẹ̀. Ní 2025, àwọn tí kò ní mítà ní Nàìjíríà ṣì lé ní mílíọ̀nù márùn-ún. Láti 2020 ni NERC ti fi ààlà sí iye tí wọ́n lè fi àfojúbù gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò ní mítà. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ náà kọjá ààlà, NERC bu owó ìtanràn tó lé ní 10 bílíọ̀nù náírà lé àwọn 11 lórí ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àyálégbé tí wọ́n fi bíìlì àfojúbù yọ lẹ́nu títí tó fi kó jáde nílé, ta ló wá a lọ láti fún un ní tirẹ̀? Ìtanràn tó dé Àbújá kò dé ọwọ́ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀.

Bákan náà ni Band A. Láti oṣù Kẹrin 2024 tí wọ́n ti gbé owó rẹ̀ sókè sí 225 náírà, àdéhùn ibẹ̀ ni pé iná gbọ́dọ̀ wà fún wákàtí 20 lójúmọ́, ó kéré tán. Ta ló ń ka wákàtí náà? Ilé-iṣẹ́ tó ń ta iná ló ń kà á, òun náà ló sì ń ròyìn ara rẹ̀. Àjọ ìpínlẹ̀ lè gbé ohun èlò tó ń ka wákàtí tirẹ̀ sí orí fídà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná wá sí àwọn àdúgbò, kó sì máa gbé èsì rẹ̀ jáde ní gbangba lóṣooṣù. Ìyẹn kò le. Ó kàn nílò ẹni tó fẹ́ mọ̀ ni.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí rèé, mo sì fẹ́ kí àwọn tó wà nípò kà á pẹ̀lú sùúrù. Gómìnà ló ń yan àwọn ọmọ àjọ alábòójútó ìpínlẹ̀, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tí gbogbo wa mọ bó ṣe ń rí ló sì ń fọwọ́ sí wọn. Gbogbo ẹni tó ti ṣiṣẹ́ nínú ilé-iṣẹ́ iná rí ló mọ̀ pé àwọn ọ́fíìsì ìjọba wà lára àwọn tó máa ń jẹ gbèsè iná jù. Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ibì kan wà tí wọ́n á kìlọ̀ fún wa pé a kò gbọ́dọ̀ já wáyà wọn bó ti wù kí gbèsè wọn pọ̀ tó, ilé ìjọba sì ni wọ́n. Ó dáa, bí ilé-iṣẹ́ iná bá gbé ẹjọ́ ọ́fíìsì ìjọba tó jẹ gbèsè wá síwájú àjọ tí gómìnà yàn, báwo ni ẹjọ́ náà yóò ṣe rí? Bí ìjọba ìpínlẹ̀ bá tún wá dá ilé-iṣẹ́ apèsè iná tirẹ̀ sílẹ̀ ńkọ́, tó ń ta iná, tó tún yan ẹni tó ń dá iye owó rẹ̀? Bí ọdún ìbò bá sì dé, tí gómìnà fẹ́ kí owó iná wálẹ̀ fún oṣù mẹ́ta kí a lè dìbò, ọmọ àjọ wo ni yóò sọ pé rárá?

Àbújá jìnnà, òótọ́ ni, jíjìnnà rẹ̀ sì pa wá lára. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, ọ̀gá NERC kì í bá gómìnà wa jókòó nínú ọdún Iléyá. Bí àbójútó ṣe súnmọ́ ilé yìí, ó súnmọ́ àwa, ó sì súnmọ́ àwọn alágbára pẹ̀lú. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin pé ọmọ àjọ tí wọ́n bá ti yàn, gómìnà kò lè fi ìbínú yọ ọ́ kó tó lo sáà rẹ̀ tán. Kí owó iṣẹ́ wọn má ṣe máa wá láti ọwọ́ ìjọba nìkan. Kí wọ́n máa jókòó ní gbangba nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dá iye owó iná, kí ìyá oníyìnyín lè wọlé síbẹ̀ kó sọ tẹnu rẹ̀ ní Yorùbá, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe máa kọ ti lọ́yà tó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti jókòó sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí nígbà tó ṣì jẹ́ ti Àbújá, ní hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan. Àwọn tó wá síbẹ̀, ìwé tí wọ́n gbé sọ́wọ́ wọn nípọn ju ọwọ́ mi lọ, àwòrán ìṣírò ni wọ́n ń fi hàn lára ògiri. Àwa oníbàárà díẹ̀ tó wà níbẹ̀ jẹ ìpápánu, a sì lọ sílé.

Lọ́wọ́ tí mò ń kọ ìwé yìí, àwọn ènìyàn àdúgbò wa kò mọ ibi tí wọn yóò gbé ẹ̀sùn gbà. Tẹ́lẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná la kọ́kọ́ ń kọ̀wé sí. Bí wọn kò bá dáhùn, a ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì tí NERC yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀sùn, lẹ́yìn náà ló tó kan Àbújá. Ọ̀nà náà gùn, ṣùgbọ́n a mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà tuntun, kò sí ẹni tó ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Mo ti di gbogbo ìwé tiransifọ́mà wa sínú fáìlì kan: rìsíìtì, àwòrán, ẹ̀dà ìwé tí wọ́n ní kí a fọwọ́ sí, àti ìwé ìpàdé ọjọ́ yẹn. Àjọ ìpínlẹ̀ ni mo fẹ́ gbé e fún.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín, Olóòtú, ni pé kí ẹ rán akọ̀ròyìn yín lọ sí ọ́fíìsì àjọ náà. Kó bá wa bèèrè nọ́ńbà fóònù tí ènìyàn lè pè láti fẹjọ́ sùn, ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ní ẹ̀ka sí, àti iye ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi dáhùn. Kó tún bi wọ́n bóyá wọ́n ti ka tiransifọ́mà tí àwọn ará àdúgbò rà sọ́tọ̀, tàbí bóyá wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ ìdáhùn wọn gàdàgbà sí ojú ewé kìíní. Èmi á gé e, á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara gbọ̀ngàn ìpàdé wa.

Èmi ni tiyín,

Òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì iná mànàmáná, akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé,
Ìbàdàn.